Ìlù Tí Ò Parí Òwe: Ọ̀rọ̀ Nípa Orin Wa Tó Ti Ń Jọra Jù

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa láti Ìtòkú tẹ́ ẹ pa ọjà tì torí ẹ gbọ́ pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ orin, ẹ ṣé púpọ̀, ọjà á tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin pródúsà, ẹ̀yin díjéè, torí yín gan-an ni mo ṣe gbà láti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ò sì ráyè dé gbọ̀ngán ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ náà, torí yín ni mo ṣe jókòó tẹ ọ̀rọ̀ yìí síbí, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ibi tí mo ti yà bàrá mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tó ṣojú mi. Lọ́dún tó kọjá mo bá bàbá onílù kan lọ sí sítúdíò kékeré kan lápá Pánsẹ́kẹ́. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìtòkò ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti ń lùlù látìgbà tí wọn ò tíì lè dá gángan gbé kọ́ èjìká. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ni sítúdíò náà, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ iṣẹ́ tuntun tó wà lọ́wọ́ òun. Yàrá kan ṣoṣo ni, wọ́n fi fóòmù lẹ ara ògiri, wọ́n pa fáànù kí ariwo ẹ̀ má bàa wọ máíkì, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fẹ́ńsì, gbogbo wa ń làágùn. Ọmọ náà tẹ orin. Bíìtì wọlé, béèsì ẹ̀ ń gbọn àga tí a jókòó lé, nígbà tó yá gángan kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn lábẹ́ ẹ̀. Mo rí i tí bàbá gbé orí sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, torí wọ́n ti gbọ́ ohun tí ìlù náà ń wí: bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà. Wọ́n wá dúró de èyí tó kù. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbí tí ò mọ èyí tó kù, ẹni máa yó á yó. Ìlù ò sọ ọ́. Ó padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún gúnyán, ó tún sebẹ̀, ó tún padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí orin fi parí, á tó ìgbà ogún, ẹnikẹ́ni ò yó.

Bàbá bi í pé, "Ta ló lu ìlù yìí?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n o. Fóòdà kan ni mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oríṣiríṣi ìlù ló wà nínú ẹ̀, mo kàn fà á sínú bíìtì ni."

"Kí ló dé tí kò parí ọ̀rọ̀ ẹ̀?"

Ọmọ náà wò mí, ó wo bàbá. Ó ní, "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni, sà?"

Mi ò sọ èyí láti fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà o. Ọmọ gidi ni, ó máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó fi owó ara ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Nígbà tí bàbá túmọ̀ ìlù náà fún un, ojú ẹ̀ yí padà, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mi ò ní gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹni tó gé ìlù yẹn, níbi yòówù kó wà, ó gé e kó lè bá bíìtì mẹ́rin-mẹ́rin mu, kò mọ̀ pé gbólóhùn lòun fi ọ̀bẹ gé láàárín. Ìlù sì ti wà nínú fóòdà báyìí, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló lè rà á, ẹgbẹ̀rún orin sì ni ìyán yẹn á ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní yó.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé orin ìsinsìnyí ò nítumọ̀, pé ariwo lásán ni. Mi ò sí lára wọn. Àwọn ọmọ yìí lẹ́bùn, ẹlòmíràn nínú wọn lè kọ orin mẹ́ta lóòjọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí mo bá wọ ọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá tí rẹ́díò wà nínú ẹ̀, kí n tó dé Aké orin márùn-ún á ti kọjá, tí wọ́n bá ní kí n sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Béèsì kan náà, ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, owó, mọ́tò, ìdí, àwọn ọ̀tá tó ń bínú. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, ibi tí mo já sí ni pé olórin wa ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí, tí mo bá kúrò níbẹ̀ ẹ fà mí padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé ká má yá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí orin Yorùbá tó gbòde rí tí ò yá nǹkan. Jùjú tí a ń pè ní tiwa yìí, gìtá wà nídìí ẹ̀, a ò sì gbẹ́ gìtá nílé wa, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀, I.K. Dairo tún wá gbé àkọ́díọ̀nù sí i, iṣẹ́ yẹn ló gbé e débi tí wọ́n fi fún un lóyè MBE ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963. Síkírù Àyìndé Barrister mú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú Ràmàdáánì, ó sọ ọ́ di fújì, orúkọ òkè kan ní ilẹ̀ Japan ló sì fi pè é. Fẹlá tiwa tí wọ́n bí nílùú yìí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938, háílàìfù wà nínú orin ẹ̀, jáàsì wà ńbẹ̀, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wà ńbẹ̀. Dagrin tó gbé àwo ẹ̀ jáde lọ́dún 2009 kó tó kú ní oṣù kẹrin 2010, ṣé òun ló dá ráàpù sílẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ọmọ àdúgbò ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní títì tó ń gbé.

Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, tí wọ́n bá yá nǹkan, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á bó o, wọ́n á fi ata tiwọn sè é. Tiwa báyìí, bó ṣe wà nínú ọ̀rá la ṣe ń gbé e sórí tábìlì.

Ẹ wo béèsì log drum tó gba gbogbo orin kan yìí. Àwọn ọmọ South Africa ló fi ṣe orin ijó wọn tó ń jẹ́ amapiano, inú FL Studio tí wọ́n fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rí ìró yẹn, wọ́n yí i, wọ́n lọ́ ọ, títí ó fi ń sọ èdè àdúgbò wọn, mo sì kan sáárá sí wọn. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí 2020, a ò bi í léèrè ohunkóhun, a kàn gbé e sábẹ́ gbogbo orin, orin ìfẹ́, orin ìyìn, orin òkú, ìyẹn ti ọjọ́ ìbí náà ò gbẹ́yìn. Àwọn díẹ̀ ló bá a jà tí wọ́n sì jàre. Asake wà lára wọn, ó gbé ègbè tó dà bí ti fújì àti ti wéré lé e lórí, ọ̀pọ̀ ohùn tó ń gbè lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ẹgbẹ́ ń gbè ní òde àríyá, ó sì mú un dé gbọ̀ngán ńlá O2 ní London lọ́dún 2023, ibẹ̀ kún.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ọmọ Ìtòkò. Kò rí ilé ìwé lọ, oríṣiríṣi iṣẹ́ ló ṣe kí orin tó gbé e, ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980 ló kú nílùú yìí. Lónìí yìí, tí olóúnjẹ bá gbé orin ẹ̀ sí i ní búkà, ẹ ó rí àgbà tó máa gbé àkèlè sílẹ̀ kó tó máa jẹun lọ. Tí Àyìnlá bá ń kọrin, ẹ ó mọ ẹni tó ń bá wí. Nígbà tí wọ́n pa pọ́ùn tì tí náírà dé ní oṣù kìíní ọdún 1973, ó kọrin owó tuntun, torí owó tuntun ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, àwọn ìyá ń tajà lọ́jà wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣẹ́ ẹ. Ó máa ń bá àwọn olórin ẹgbẹ́ ẹ̀ jà nínú orin, ó máa ń ki èèyàn lórúkọ, ó máa ń pa òwe tó jẹ́ pé ẹni tó pa á fún mọ̀ pé òun ni. Ẹnu Ẹ̀gbà ló fi ń sọ gbogbo ẹ̀, kò fi ṣe nǹkan ìtìjú. Adéwọlé Oníluọlá tó ń lùlù fún un, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa tẹ́ ẹ bá délé. Ìlù yẹn kì í kàn tẹ̀lé ohùn lẹ́yìn, ó ń dá a lóhùn, nígbà míì á ti sọ ọ̀rọ̀ náà kí Àyìnlá tó la ẹnu, nígbà míì Àyìnlá á dákẹ́ pátápátá kí ìlù fi parí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé ibẹ̀ sínú fóòdà, kò níbi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí: bí orin yẹn ṣe jẹ́ ti Ẹ̀gbà tó, wọ́n rà á ní Ìbàdàn, wọ́n rà á ní Ìlọrin, wọ́n rà á l'Ékòó. Kò yọ ẹnu Ẹ̀gbà kúrò kí ará Ìlọrin tó gbọ́ ọ.

Wọ́n á ní ayé ti yàtọ̀, ó sì ti yàtọ̀ lóòótọ́, owó ló ń pinnu bí orin ṣe ń gùn tó. Èyí kì í ṣe tuntun. Àwo 78 àtijọ́ yẹn, tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan ẹ̀ ò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí orin àwọn àgbà ìgbà yẹn fi kúrú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ àwo Columbia gbé àwo ńlá jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948, ojú kan wá ń gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ìyẹn fi máa dọ́dọ̀ wa, Ebenezer Obey, Sunny Ade, Fẹlá, wọ́n ń lo odidi ojú àwo fún orin kan tàbí kí wọ́n so orin pọ̀ mọ́ra wọn láì dúró. Ọjà fún wọn láàyè, wọ́n sì lò ó. Ní báyìí, lórí Spotify tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn ò bá gbọ́ orin ẹ dé ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọn ò ní kà á pé ó gbọ́ ọ. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún wa àwa Yorùbá. Orin wa máa ń júbà. Ìlù á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á kí Ẹlẹ́dàá, á kí àwọn tó ti lọ, á kí ẹni tó pe òde, lẹ́yìn ìyẹn ni olórin tó máa wọlé. Ta ló fẹ́ júbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá 30? Ìbà ló kọ́kọ́ kú nínú orin wa, a ò sì sunkún ẹ̀. TikTok tún wá dín in kù sí i, mo mọ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ibi tí àwọn èèyàn máa fi jó lórí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, tí ibẹ̀ bá ti dáa tán, wọ́n á wá wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi dí èyí tó kù.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ̀ látìgbà tó ti ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó fún mi láàyè kí n sọ ìtàn yìí ṣá. Ó kọ orin kan nípa ìyá ẹ̀ tó ń rẹ aró ní Ìtòkú. Ó ní èékánná ìyá òun dúdú, pé aró ló wọ̀ ọ́, pé èékánná dúdú yẹn ló rán òun níwèé. Ó kọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀, láì sí ìlù, láì sí nǹkankan, omi bọ́ lójú mi. Ó mú un lọ bá àwọn kan tó máa ń gbé orin jáde. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ dára gan-an. Wọ́n ní kó yọ ìyá kúrò, kó yọ Ìtòkú kúrò, pé àwọn tó wà lókè òkun ò ní mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá fi orin ọmọbìnrin mìíràn tó ń gbòde lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ṣe é. Orin jáde, ó rìn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì wọlẹ̀. Mo bi í pé ta lo kọ èyí tuntun yìí fún? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn ni."

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro ọ̀rọ̀ yẹn. Èyí àkọ́kọ́, ó mọ ẹni tó kọ ọ́ fún, ìyá kan ni, èékánná ẹ̀ dúdú. Gbogbo ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rán an níwèé, ìbáà jẹ́ ní Ghana, ìbáà jẹ́ ní Brazil, ló máa gbọ́ orin yẹn yé. Èyí kejì, kò sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, òun náà ò sì rántí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tán nígbà tí mo ní kó kọ ọ́ fún mi.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló kù, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ìlú yìí ti rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì dé Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1840 sí 1850, wọ́n túmọ̀ orin ìjọ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ sì mọ èdè wa. Ọkọ yàtọ̀, ọkọ́ yàtọ̀, ọkọ̀ yàtọ̀, ọ̀kọ̀ yàtọ̀. Tí ohùn orin bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ lọ sílẹ̀, èèyàn á wọ ọkọ́ dípò ọkọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn baba wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, tí wọ́n bí lọ́dún 1855, wà lára àwọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ń kọ orin ìyìn tí ohùn ẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ní ìlànà orin tí àwọn Ẹ̀gbà ń kọ nílé. Lọ́dún 1922, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wà ní London, wọ́n gba orin 43 sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Bàbá bàbá Fẹlá ni. Ẹ wò ó, London ló lọ o, kò sì yọ Ẹ̀gbà kúrò níbẹ̀.

Wàhálà tí bàbá yẹn bá jà ló ti padà wá báyìí, inú kọ̀ǹpútà ló gbà wọlé. Lọ́dún 1997 ni Andy Hildebrand, ẹni tó ti ń fi ìró wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbé Auto-Tune, ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin ṣe, jáde ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni akọrin Cher lò ó débi tí ohùn fi ń dún bí ẹ̀rọ, làwọn èèyàn bá gba tiẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé, tí o bá ti sọ fún un pé kíì báyìí, ìyẹn àwọn àtẹ̀gùn ohùn tí orin dúró lé, ni orin yìí wà, ohùn èyíkéyìí tó bá bọ́ sáàárín àtẹ̀gùn méjì, á gbé e lọ sórí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Tí o bá wá yí àkókò tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ òdo, kó máa yára jù, ohùn ò ní yọ̀ mọ́, á máa fò láti orí àtẹ̀gùn dé orí àtẹ̀gùn. Ohùn Yorùbá sì rèé, ó máa ń yọ̀. Ẹ bá mi pe ìlú. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó rọra gùn lọ sókè? Ẹ wá pe ìlù. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì jókòó sísàlẹ̀. Yíyọ̀ yẹn ló ya ìlú sọ́tọ̀ sí ìlù, òun gan-an sì ni ẹ̀rọ ń gé kúrò. Mo ti gbọ́ orin kan tí ọmọ náà ń yin ìlú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo wa tí a jókòó rò pé ìlù ló ń yìn.

Mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń dín ìyára ẹ̀ kù kó lè fi ohùn sílẹ̀ kó yọ̀, ẹlòmíràn á pa á ní àwọn ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn ti ṣe pàtàkì, á sì tàn án padà. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ẹni tó bá gbọ́ èdè náà nìkan ló lè ṣe é, torí òun ló máa mọ ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan ṣá o. Lọ́dún 2012, Joan Serrà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Spain gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde, orin 464,411 ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò, orin tó jáde láàárín ọdún 1955 sí 2010. Wọ́n rí i pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀nà tí ohùn ń gbà rìn nínú orin ń dín kù, àwọ̀ ìró ń jọra sí i, ariwo ẹ̀ sì ń ròkè. Orin àwọn òyìnbó nìyẹn. Lọ́hùn-ún, ẹnìkan ṣoṣo, Max Martin ará Sweden, ló bá wọn kọ orin fún Britney Spears, fún Backstreet Boys, fún Katy Perry, fún Taylor Swift, kí ló máa ṣe tí wọn ò ní jọra? Ilé iṣẹ́ orin Motown tí Berry Gordy dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1959 náà, ibi tí wọ́n ti ń to mọ́tò ló ti kọ́ ọgbọ́n ẹ̀, ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílù àtàwọn onígìtá kan wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ pé àwọn kan náà ló ń lù ú lójoojúmọ́, wọ́n mọ ọwọ́ ara wọn, ẹ sì ń gbọ́ ọwọ́ yẹn nínú orin títí dòní. Ẹ̀rọ tuntun wá ti dé báyìí, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lo kọ sí i, á gbé odidi orin fún ẹ, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú ìlù. Orin ẹni tó bá ti dà bíi ti gbogbo ayé ni ẹ̀rọ yẹn máa kọ́kọ́ gbà ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ tètè rò ó.

Ìbéèrè pọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ìyá kan láti Ìtòkú ló kọ́kọ́ dìde, wọn ò béèrè nǹkankan, wọ́n kàn ní ohun tí mo sọ yìí ti ṣojú àwọn rí. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ síwájú àwọn, tí iṣẹ́ ọnà ara ẹ̀ jẹ́ Òṣùbàm̀bà tàbí Ìbàdàndùn, àwọn máa ń mọ ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ yà á láì béèrè, torí bí ẹnìkan ṣe ń tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ ò jọ ti ẹnìkejì, ẹlòmíràn a máa fi ìlà kan sí etí tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Wọ́n ní ìgbà tí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun dé, òṣùpá inú ẹ̀ rí bákan náà láti òpin kan dé òpin kejì, ó mọ́ ju tàwọn lọ, ó pọ́ọ́kú ju tàwọn lọ, àwọn oníbàárà ń rà á. Wọ́n ní, "Àwọ̀ tiwa ni wọ́n gbé lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò sí níbẹ̀." Wọ́n jókòó. Gbogbo ilé dákẹ́. Mi ò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá máa kọ àpàlà kí ebi pa mí?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹ̀rín, torí owó ilé ń bẹ nílẹ̀ fún un. Mo ní rárá, mi ò ní kó kọ àpàlà. Tó bá wù ú kó lo log drum, kó lò ó. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ṣá, kó ro ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀, tó lórúkọ, tó ń gbé níbì kan, kó kọ orin náà sí ẹni yẹn. Kó má fi ìlù tó ń sọ Yorùbá sínú orin ẹ̀ láì mọ ohun tó ń sọ. Mo tún sọ fún un pé ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kó yọ Ìtòkú kúrò, wọn ò fún un lówó kankan lẹ́yìn tó yọ ọ́. Ìyà náà ò kúrò lọ́rùn ẹ̀, orin ẹ̀ nìkan ló lọ.

Bàbá kan níwájú wá ní ṣé ẹ̀bi àwọn ọmọ nìkan ni? Ṣé kì í ṣe àwa la ní kí wọ́n má sọ Yorùbá nílé, tí a ń nà wọ́n ní ilé ìwé tí wọ́n bá sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ tí ò gbọ́ ohùn nílé, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rọ ti gé e? Mo gbà fún bàbá náà níwájú gbogbo èèyàn, mo sì ń gbà fún wọn níbí náà.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn sítúdíò yẹn. Lẹ́yìn tí ọmọ náà dákẹ́ tán, bàbá ní kó tan máíkì. Gángan wọn wà nínú mọ́tò, mo lọ gbé e wá. Wọ́n fún okùn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ apá, wọ́n fi ọ̀pá kàn án lẹ́ẹ̀méjì láti gbọ́ ọ, wọ́n wá sọ òwe náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bá bíìtì mu, ẹni máa yó á yó náà kọjá ibi tí kọ̀ǹpútà fẹ́ kí ó parí sí. Ọmọ náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún bíìtì tò kó lè gba gbólóhùn náà, aago méjìlá òru kọjá kó tó rí i ṣe.

Bàbá ti ní Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì tó ṣì kù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlù ń sọ nínú bíìtì ẹ̀, kó gbé e wá, wọ́n á gbọ́ ọ fún un láì gba kọ́bọ̀. Ẹ mú mẹ́mórì tó láàyè dáadáa dání, ọ̀rọ̀ wọn máa ń gùn.